Ilé Mẹ́rìnlá Abà Ìdí-Ọdán

Ẹtì, 6 Òkudù

Iléyá lónìí. Òjò fẹ́ da yìdì rú, ṣùgbọ́n ó dá kí wọ́n tó kírun. Kí n tó gbé ata kaná, ẹran ti dé láti agbo ilé Bàbá Mùílì tó kángun sí wa. Raliat ọmọ bàbá ló gbé e wá, odidi itan àgbò nínú abọ́ ńlá. Ọdọọdún ni. Kìrìsìtẹ́nì ni mí, ṣùgbọ́n bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, n kì í ra ẹran mọ́.

Oko ni àwọn ènìyàn yẹn ń gbé láti ọdún dé ọdún. Bí Iléyá bá dé ni gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ máa ń mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ariwo ọmọ wọn kò jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án.

Ọ̀gá Adébóyè, olórí ọ́fíìsì Ètò Ìlú wa, pè mí nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní Mashood tó yẹ kó lọ ka ilé lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ti gba ìsinmi ọdún, pé níwọ̀n ìgbà tí èmi kì í ṣe Mùsùlùmí, kí n bá wọn lọ ní Ìṣẹ́gun. Mo ní kò burú. Ata rodo wọ́n ní ọjà Akẹ̀sán lánàá, ojú ni mo fi rà á.

Ìṣẹ́gun, 10 Òkudù

Mo dé Abà Ìdí-Ọdán ní aago mẹ́wàá. Awakọ̀ kọ̀ láti wọ inú ẹrẹ̀, mo bá fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ilé mẹ́rìnlá ni. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tì. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní “Ẹ ń lẹ́ o, ará ilé,” ewúrẹ́ ló dá mi lóhùn.

Fọ́ọ̀mù náà kò gba àkókò. Ilé mélòó ni ènìyàn ń sùn nínú rẹ̀? Kò sí. Mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì? Kò sí. Wọ́n to òkúta yí ojú kan ká, n kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Iná ìjọba? Kò sí. Ibojì? Kò sí. Mo rí àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́ta lábẹ́ igi ọdán, wọ́n gbé òkúta lé e lórí kí omi rẹ̀ lè jò dànù. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Fọ́ọ̀mù kò bèèrè ẹ̀gẹ́.

Mo buwọ́ lù ú. Aago méjì kò tíì lù tí mo fi délé, inú mi sì dùn pé mo rí aṣọ fọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 23 Òkudù

Máàpù ibi tí a lọ ka ilé ti jáde. Ìpínlẹ̀ ń gbé òfin tuntun bọ̀ lórí ibi tí wọ́n lè kọ́ détà sẹ́ńtà sí àti ibi tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọ́ ọ sí. Kò tíì di òfin tán, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n ti fẹ́ kọ́kọ́ lò ó. Ó gbọ́dọ̀ jìnnà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta míítà sí ibi tí ènìyàn ń gbé. Ibi tí ènìyàn ń gbé sì ni ibi tí ilé tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀ kò bá dín ní mẹ́wàá.

Ilé-iṣẹ́ kan láti Èkó ti ra ilẹ̀ lọ rẹrẹ lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ìdílé tó ni ín. Abà Ìdí-Ọdán bọ́ sí àárín gbùngbùn rẹ̀. Ọláolúwa, ọkùnrin tí wọ́n fi ṣe aṣojú wọn, wá kí wa. Bàtà rẹ̀ mọ́ ju abọ́ ìjẹun mi lọ. Ó ní, “Màdámù, ẹ kú iṣẹ́. Ibi tí kò sí ènìyàn gan-an la ń wá kiri.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún dúpẹ́.

Ẹni tó bá ní ẹjọ́, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ló ní láti fi sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Mo ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí Raliat wọlé. Oko ló ti ń bọ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó na ìwé kan sí mi tó ti rin gbingbin.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé yìí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi ọdán wa.”

Ìwé ìkéde wa ni. Mo wò ó, mo wo ojú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jẹ ẹran àwọn ènìyàn yìí, n kò bèèrè orúkọ abà wọn rí. Oko ni mo mọ̀ ọ́n sí.

“Raliat, ṣé abà yín ni Ìdí-Ọdán?”

“Abà wa ni, mà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Kí ni wọ́n kọ?”

“Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀.”

“Ta ló ní kò sí?”

Mo lè purọ́. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ ìwé, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n kà. “Èmi ni,” ni mo wí.

“Ọjọ́ wo lẹ wá?”

“Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé Iléyá.”

“Ẹ ṣáà mọ ibi tí a wà lọ́jọ́ náà, mà.”

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó gba ìwé rẹ̀ padà, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó lọ. Ẹ̀wà náà jóná. Mo jẹ ẹran wọn lọ́jọ́ Ẹtì, mo pa wọ́n rẹ́ kúrò láyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹtì, 4 Agẹmọ

Mo sọ fún Ọ̀gá Adébóyè. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

“Fọláṣadé, ṣé o rí ènìyàn lọ́jọ́ tí o lọ, àbí o kò rí?”

“N kò rí, sà. Iléyá ni, wọ́n ti wálé.”

“Nígbà náà, òótọ́ lo kọ. Fi òótọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbéga rẹ wà lórí tábìlì wọn n’Íbàdàn, o sì fẹ́ kọ lẹ́tà pé o kò mọ ilé kà?”

Òótọ́ ni mo kọ. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Àìkú, 6 Agẹmọ

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bá Raliat gun ọ̀kadà lọ sí abà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí. Àwọn obìnrin ń yan gàrí, èéfín gba gbogbo ibẹ̀, àwọn ọmọ ń sá kiri, rédíò ń ké. Ọkùnrin mẹ́rin ń kírun nínú òkúta tí wọ́n tò yẹn. Ojú tì mí.

Bàbá Mùílì jókòó lábẹ́ ọdán. Mo kúnlẹ̀.

“Ìyàwó, dìde. Lọ́jọ́ tí o wá lọ́jọ́sí, o ò bá wa nílé. Wọ́n fún ọ lómi?”

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi.”

“Bí mo bá bínú, ṣé yóò ṣí ilẹ̀kùn tó wà ní títì lọ́jọ́ náà? Kí tilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́?”

Mo ní ilé kan tí wọ́n ń to kọ̀ǹpútà sí ni, pé àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá fi sórí fóònù, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ń wà. Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sinmi, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ nìkan lé ní ogún.

“Bí ẹni tó ni àwòrán bá rìnrìn àjò ńkọ́?”

“Yóò ṣì wà níbẹ̀, sà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. “Ẹ gbọ́ o! Àwòrán ẹni tí kò sí nílé rí ilé gbé. Àwa tí a jáde fún ọ̀sẹ̀ kan, a ò nílé mọ́.”

Wọ́n ní kí n ka gbogbo ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù náà fún àwọn. Nígbà tí mo dé orí ibojì, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

“Ta ní ń sin òkú sóko? Bàbá mi ń bẹ l’Ọ́yọ̀ọ́, bàbá tó bí wọn ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí kò nílé ni wọ́n ń sin sóko. Ilé làbọ̀ sinmi oko.”

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé. N kò rí ibi tí mo máa fi í sí nínú fọ́ọ̀mù.

Raliat di gàrí fún mi nígbà tí mo ń lọ. N kò fẹ́ gbà á. Bàbá ní kí n gbà á, pé ẹ̀gẹ́ tí mo bá lábẹ́ òkúta lọ́jọ́sí náà ni.

Ìṣẹ́gun, 8 Agẹmọ

Mo ti kọ lẹ́tà náà. Ojú ewé kan péré. “Mo ka ilé, n kò ka ènìyàn.” Mo fi ṣọwọ́ sí Ìbàdàn, mo fún Ọ̀gá ní ẹ̀dà tiwọn. Wọn kò wo ojú mi.

Ọjọ́rú, 16 Agẹmọ

Wọ́n fún mi ní ìwé wí-tẹnu-rẹ. Kí ló dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ bá ọ wí nítorí àìbìkítà lẹ́nu iṣẹ́? Ọjọ́ méjì ni mo ní láti fèsì.

Bàbá Àánú, ọkọ mi, pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe tíṣà. “Ìyá Àánú, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́nu iṣẹ́? Nítorí itan àgbò?” Mo pa fóònù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, nítorí wọ́n sún mọ́ òótọ́. Bí kì í bá ṣe ará ilé kejì mi, ṣé mà á kọ lẹ́tà?

Òjò ti gbé afárá ọ̀dọ̀ wa lọ. Kò sí iná láti ọjọ́ Ajé.

Ọjọ́bọ̀, 24 Agẹmọ

Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ lórí máàpù náà jókòó ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí. Ọkọ̀ wa há sí Ọjà Igbó fún odidi wákàtí kan, Bàbá Mùílì wà láàárín èmi àti Raliat, wọ́n wọ agbádá tí wọ́n fi kírun Iléyá. Wọ́n ń wúkọ́. Mo ra omi fún wọn, wọ́n ní gbígbóná làwọn fẹ́.

Alága ní kí n dìde kí n sọ tẹnu mi. Mo sọ ọ́. Mo ní ará oko ní ilé méjì, pé ẹni tó bá kà á lọ́jọ́ ọdún kò tíì kà á. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá, òfin kò mọ ilé méjì.”

Ọláolúwa mọ ọ̀rọ̀ sọ, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Ibi tí ènìyàn bá ń gbé, ibẹ̀ ló ń kú sí. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n ní àwọn ti wà níbẹ̀. Níbo ni ibojì kan ṣoṣo wà?”

Mo wo Bàbá Mùílì. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún.

Wọ́n ní kí wọ́n tún abà náà kà ní ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Ẹlòmíràn ni yóò kà á. Raliat dì mí lọ́wọ́ mú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìwé yẹn.

Ẹtì, 1 Ògún

Bàbá kò gbádùn. Ikọ́ ti di ibà. Mùílì, àkọ́bí wọn tó ń ránṣọ ní Akẹ̀sán, gbé ọkọ̀ lọ láti gbé wọn wá sí ọsibítù, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní kúrò lábà títí wọn yóò fi ka àwọn.

Èmi náà lọ. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ gba abẹ́rẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá ṣì wà.” Wọ́n ní, “Ìyàwó, ìwọ fúnra rẹ lo kọ́ mi. Ẹni tí wọn ò bá bá nílé kò sí láyé.”

Kí n tó dìde, wọ́n pe Raliat àti Mùílì. “Bí mo bá kú, ibí ni kí ẹ sin mí sí. Kí wọ́n rí nǹkan kọ.”

Mùílì dìde. “Bàbá, kí wọ́n máa pè mí lọ́mọ ẹni tí wọ́n sin sóko? Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́?”

“Kí wọ́n pè ọ́. Ìwọ yóò jẹ́.”

Ó jáde, ó ta ọkọ̀ náà nípàá. Nígbà tó kọjá níwájú mi, ó ní, “Ẹ ti bá wa ka ilé o, mà.”

Ọjọ́rú, 6 Ògún

Bàbá Mùílì kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Wọ́n jà lórí òkú títí di aago mọ́kànlá. Àwọn àgbà agbo ilé ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ l’Ọ́yọ̀ọ́. Raliat dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbé bàbá òun lọ sílé yóò kọ́kọ́ gbé òun. Àlùfáà ló parí rẹ̀. Ó ní, “Gbogbo ilẹ̀, ilẹ̀ Ọlọ́run ni. Òkú kì í ṣe ará oko.”

Mùílì kò wọlé. Etí ọ̀nà ló dúró sí, ó kẹ́yìn sí wa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bo ilẹ̀ ló wá, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó mú un, kò sì fún ẹlòmíràn mọ́.

Èmi kò lè sunkún. Mo ń ro fọ́ọ̀mù. Ọlọ́run dárí jì mí, mo dúró lẹ́bàá ibojì ènìyàn rere, mo ń rò ó pé ibojì ti di ọ̀kan.

Ìṣẹ́gun, 12 Ògún

Wọ́n ka ilé lónìí. Wọn kò jẹ́ kí n sún mọ́ ibẹ̀, lábẹ́ ọdán ni mo dúró sí.

Ilé mẹ́rìnlá. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ibojì kan.

Raliat dì mọ́ mi, ó ń sunkún. Mùílì dọ̀bálẹ̀ fún mi, òun tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Mo délé, mo se ìrẹsì, mo fi ẹran méjì sí i. Ìgbà tí mo ti jẹun tó báyìí ti pẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 8 Ọwẹ́wẹ̀

Òfin náà ti jáde. Wọn kò yí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta míítà padà. Wọn kò yí ilé mẹ́wàá padà. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún un, nísàlẹ̀ ojú ewé kẹrin: ohun tí òfin yìí ń pè ní ilé ni ilé tó ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé láti ọ́fíìsì Ètò Ìlú.

Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Mo wọ yàrá fáìlì, mo tú u láti àárọ̀ títí wọ́n fi fẹ́ ti ọ́fíìsì, mo mọ̀ pé n kò ní rí nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá ọ́fíìsì wa sílẹ̀, a kò fún abà kankan níwèé àṣẹ rí. Wọn kì í wá, àwa náà kì í lọ. Ta ní ń gba ìwé àṣẹ láti kọ́ ilé amọ̀ sóko bàbá rẹ̀?

Ọ̀gá Adébóyè bá mi nínú eruku. Ohùn wọn kò le rárá. “Ìyá Àánú, o gbìyànjú. Ẹ ka àwọn ènìyàn yẹn pé. Ilé wọn ni kò sí.”

Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan bú mi.

Àbámẹ́ta, 13 Ọwẹ́wẹ̀

Èmi ni mo lọ sọ fún wọn. Mùílì ní, “Ṣé ìgbà tí ẹ fẹ́ kí bàbá wa kú síbẹ̀, ẹ ò tíì mọ̀ pé ìwé ni?”

N kò mọ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún, n kò mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 2 Ọ̀wàrà

Katapílà ti wọ abà. Wọ́n gé ọdán náà ní ọjọ́ kan. Gbogbo wọn ti kó wá sí agbo ilé tó kángun sí wa, ènìyàn mẹ́jọ mẹ́jọ nínú yàrá kan. Kì í ṣe ọdún, àwọn ọmọ kò pariwo. Ẹ̀gẹ́ kò sí láti rin, agbada gàrí Raliat wà ní dídojúdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Mo máa ń rí i bí mo bá ń sá aṣọ.

Àlùfáà ní a kì í hú òkú. Ilé-iṣẹ́ náà gbà kí ibojì wà níbi tó wà, inú fẹ́ǹsì. Ẹni tó bá fẹ́ rí i yóò gba ìwé ìyọ̀ǹda, ọ́fíìsì wa ni yóò sì bá a fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọláolúwa fi lẹ́tà ọlọ́wọ̀ ránṣẹ́. Ó pe Bàbá Mùílì ní “olóògbé tí a bá níbẹ̀.”

Mùílì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí mi. Ó ní, “A ti sin bàbá wa sóko olóko.”

Ìgbéga mi kò jáde. Wọ́n ti gbé mi kúrò nídìí máàpù, ìdí tábìlì ìwé ìyọ̀ǹda ni mo wà báyìí.

Ẹtì, 17 Ọ̀wàrà

Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ dé orí tábìlì mi lónìí. Raliat. Ó fẹ́ lọ ṣe àdúà fún bàbá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló bá a kọ ọ́, ó mọ̀wé kọ rekete. Ìbátan òkú: ọmọ. Iye wákàtí: ọ̀kan. Ibi tí ẹ ń gbé: Abà Ìdí-Ọdán.

Mo gbé e lọ fún Ọ̀gá. Wọ́n wò ó, wọ́n fi bíírò tọ́ka sí i. “Kò sí ibi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọn yóò dá a padà. Pa á rẹ́, kọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.”

“Bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà, wọn yóò ní ará Ọ̀yọ́ ni, kí ló ń wá lóko?”

“Fọláṣadé, pa á rẹ́.”

Mo padà sí ìdí tábìlì mi. Mo mọ̀ pé wọn yóò dá a padà. Mo mọ̀ pé Raliat kò ní wọlé ní ọ̀sẹ̀ yìí, bóyá kò ní wọlé láéláé, nítorí orí kunkun èmi tí n kò ṣe orí kunkun nígbà tó yẹ. Ó ṣeé ṣe kó bínú sí mi jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fẹ́ lọ bi í lórí fẹ́ǹsì, mo rántí agbada tó dojú dé yẹn, n kò lọ.

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ kọ ọ́ pé kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. N kò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo buwọ́ lù ú bó ṣe wà, mo tẹ òǹtẹ̀, mo fi í sínú àwọn ìwé tó ń lọ.